Réènkóòtù wà lọ́rùn, síbẹ̀ ṣẹ́ẹ̀tì ń rin: kí la ṣe nínú òjò Ògbómọ̀ṣọ́ yìí?

Ọmọ Ajílété
Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni mò ń ṣe lábẹ́ ọ̀gá kan, èmi ni mo máa ń gbé ọ̀pá tí a fi ń wọn ilẹ̀. Láti ìgbà tí oṣù kẹfà ti wọlé, apá Ìrẹsà àti Ìkòyí la máa ń lọ, inú oko kajú àti inú igbó tí kò sí ilé tí èèyàn lè sá sí. Mo ní réènkóòtù tó nípọn dáadáa, kì í ṣe ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tà ní gáréèjì. Ṣùgbọ́n tí òjò bá dá tí mo bọ́ ọ, ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ rẹ̀ á ti rin gbindin. Mo ta á sórí okùn, mo da omi lé e, kò jò. Tá a bá wá dúró kí ọ̀gá mi kọ nǹkan sílẹ̀, òtútù á bẹ̀rẹ̀, eyín á máa gbá eyín. Ẹnì kan ní kí n máa wọ aṣọ lé aṣọ bí àwọn òyìnbó ṣe ń ṣe. Mo wọ súwẹ́tà sábẹ́ rẹ̀, ó tún wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí lẹ̀yin ń ṣe tiyín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ ra èyí tó tó owó oṣù mi.

Àgbẹ̀ Ìkòyí
Ọmọ mi, aṣọ ẹ ò jò. Òógùn lo fi wẹ̀. Ìwọ lo rọ òjò tìẹ sínú réènkóòtù, tí Ọlọ́run sì ń rọ tirẹ̀ lóde.

Rọ́bà tí kò jẹ́ kí omi wọlé kò ní jẹ́ kí omi jáde. O ń rìn, ò ń gbé ọ̀pá, ò ń fi àdá la ọ̀nà, ara ẹ ń gbóná, òógùn ń jáde, kò rí ibi gbà, ó gbá mọ́ inú rọ́bà, ó padà sára ẹ. O wá tún fi súwẹ́tà kún un. Ṣé kò ní burú ni?

Àwa tá a ń ro oko nínú òjò, a kì í wọ rọ́bà tó sé èèyàn mọ́. Àpò ajílẹ̀ là ń lò, èyí tó ní ọ̀rá nínú. Ti igun ìsàlẹ̀ kan bọ inú ìkejì, á di bí ìbòrí, gbé e borí, á bo orí, èjìká àti ẹ̀yìn títí dé ìdí. Iwájú ẹ ṣí sílẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ sí àyà, o sì lè fi ọwọ́ méjèèjì ṣiṣẹ́. Kí àpò ajílẹ̀ tó dé, ewé kókò àti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ làwọn bàbá wa ń gbé borí. Àpò tó bá ti gbé ajílẹ̀, ẹ fi omi ṣàn án dáadáa, kó má yún ọrùn. Èyí tó bá gbé oògùn kòkòrò, ẹ má gbé e sórí láé.

Nǹkan kejì ni pé, má tètè wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ojú ọ̀run á ṣú ní agogo mẹ́wàá, ẹ ó ti wọ réènkóòtù, òjò ò ní rọ̀ títí agogo mẹ́rin, ẹ ti làágùn lábẹ́ rẹ̀. Òjò tiwa, pàápàá èyí tó ń bá ààrá rìn, apá ìlà-oòrùn ló sábà máa ń gbà wá. Tó bá ṣú dùdù níbẹ̀, tí atẹ́gùn tútù wá ṣàdéédéé ń fẹ́, tí ewé ń fò, ìgbà yẹn ni kó o wọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ èyí tó ń kùn wínníwínní láti òwúrọ̀ bí ó ṣe máa ń ṣe nínú oṣù keje, ìyẹn lọ́rọ̀ tiẹ̀. Fìlà àti àpò ajílẹ̀ ti tó fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́ Under G
Òótọ́ ni bàbá sọ, ẹ kú ìmọ̀ sà. Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un nípa aṣọ lé aṣọ yẹn, torí ó ní ìdí, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ṣe é kò jọ ibí.

Ìpele mẹ́ta ni wọ́n ń wọ̀ lọ́hùn-ún. Èyí tó kan ara ń gba òógùn kúrò lára. Èyí tó wà láàárín ń pa ooru ara mọ́. Èyí tó wà lókè ń lé òjò àti atẹ́gùn. Níbi tí òtútù ti ń múni láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, èèyàn lè wọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Lọ́dọ̀ wa, tí òjò bá ń rọ̀ lọ́wọ́ pàápàá, ooru ọjọ́ lè ṣì wà ní bíi 22 sí 25 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Ẹni tó ń rìn nínú igbó kò nílò ohun tó máa mú un gbóná. Ìgbà tó bá dúró ló nílò rẹ̀. Nítorí náà, èyí tó wà láàárín yẹn, inú àpò ni kó wà, kì í ṣe ara.

Èyí tó kan ara ló ṣe pàtàkì jù, òun sì làwọn èèyàn kì í kà sí. Òwú máa ń mu omi, kì í sì í tètè gbẹ. Ańkárá, ṣẹ́ẹ̀tì òwú, jín-ìn-sì, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Okùn pọ́líẹ́sítà ní tiẹ̀ kì í fa omi tó ìdá kan nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀. Àárín okùn lomi máa ń dúró sí, kò wọ inú okùn lọ, ìdí nìyẹn tó fi máa ń tètè gbẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní jẹ́sì bọ́ọ̀lù nílé, òun gan-an là ń wí. Ẹ wọ jẹ́sì sábẹ́ réènkóòtù, kì í ṣe ṣẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì.

Ìdí tí òtútù fi ń mú ẹ tó o bá dúró ni pé aṣọ tó rin ń fa ooru kúrò lára. Omi ń gba ooru lára èèyàn ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju bí atẹ́gùn ṣe ń gbà á lọ. Tí atẹ́gùn bá tún wá ń fẹ́ sí aṣọ tútù náà, á máa gbẹ mọ́ ẹ lára, ara ẹ ló sì máa fi ooru san owó gbígbẹ yẹn.

Ìráhùn yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ o. Charles Macintosh, ará Scotland, gba ìwé àṣẹ ní 1823 lórí aṣọ tó fi rọ́bà sáàárín ìpele méjì. Kò jò, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí òógùn jáde. Ní 1969 ni Bob Gore ní Amẹ́ríkà fa irú ike kan gùn lójijì, ihò tíntìntín wá kún inú rẹ̀: ẹ̀kán omi ò lè gbà á kọjá, ṣùgbọ́n òógùn tó ti di ooru lè gbà á. Ibẹ̀ ni aṣọ òjò tí wọ́n ń pè ní Gore-Tex ti wá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ohun tó ń ti òógùn jáde níbẹ̀ ni pé inú aṣọ gbóná, ó sì lọ́rinrin ju ìta lọ. Tí ìta náà bá lọ́rinrin, tó sì gbóná bíi tiwa, òógùn ò ní rí ìdí tó fi máa jáde kíá. Torí náà, ẹni tó bá na owó ńlá lórí irú aṣọ yẹn kó lè fi ṣe iṣẹ́ oko níbí, ó ṣeé ṣe kó ṣì làágùn. Ibi tí atẹ́gùn máa gbà wọlé, tó máa gbà jáde, ló wúlò fún wa ju orúkọ tó wà lára aṣọ lọ.

Ìyá Òkìríkà Sábó
Ọmọ ilé ẹ̀kọ́, o ṣeun, ṣùgbọ́n o fẹ́ ba ọjà mi jẹ́ 😂

Kì í ṣe gbogbo wọn ni owó ńlá o. Nínú bélì, a máa ń rí jákẹ́ẹ̀tì òjò gidi tí àwọn èèyàn ò mọ̀, torí kò tàn, kò sì ní àwòrán lára. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tẹ́ ẹ máa wò. Ẹ yí inú rẹ̀ síta. Tẹ́ ẹ bá rí téèpù pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú rírán látòkè délẹ̀, ẹ mú un. Tí ẹ bá rí ojú òwú lásán, ihò abẹ́rẹ́ ni omi máa gbà wọlé, ó dẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti èjìká. Tí téèpù náà bá ti ń ṣí, tàbí tí inú aṣọ ń họ bí awọ alángbá tó ń bọ́, ẹ fi sílẹ̀, ó ti lò pẹ́. Ẹ wo abẹ́ apá. Àwọn kan ní síìpù níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣí i kí atẹ́gùn wọlé. Èyí tó ní síìpù abẹ́ apá ni kí ọmọ yìí wá, àní tí àwọ̀ rẹ̀ ò bá wù ú.

Nígbà míì, wọ́n á kọ nọ́ńbà sínú rẹ̀, bíi 5,000 tàbí 10,000, pẹ̀lú mm. Oníbàárà mi kan ló là á yé mi: bí wọ́n bá gbé omi dúró lórí aṣọ náà nínú ọ̀pá, bó ṣe máa ga tó kó tó jò nìyẹn. 10,000 mm jẹ́ mítà mẹ́wàá. Nọ́ńbà yẹn, ìgbà tó ṣì jẹ́ tuntun ni o. Èyí tí wọ́n ti wọ̀ lọ́hùn-ún fún ọdún púpọ̀ kó tó dé Sábó, ẹ má gbé nọ́ńbà ka iwájú òjò.

Ẹ má fi ọṣẹ oníyẹ̀ẹ̀fun fọ̀ ọ́, ẹ má sì fi omi olóòórùn dídùn tí wọ́n fi ń mú aṣọ rọ̀ sínú ẹ̀. Ohun tí wọ́n fi pa ojú rẹ̀ tó fi ń jẹ́ kí omi yí dà nù, àwọn nǹkan méjì yìí lè pa iṣẹ́ rẹ̀. Ọṣẹ fẹ́ẹ́rẹ́, omi púpọ̀, kẹ́ ẹ ṣàn án dáadáa. Tí omi ò bá yí dà nù mọ́, ẹ tẹ́ aṣọ tínrín lé e, ẹ fi áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná púpọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó máa ń jí padà lọ́pọ̀ ìgbà. Ti rọ́bà kọ́ o! Rọ́bà yẹn, tẹ́ ẹ bá fi áyọ́ọ̀nù kàn án, ó di ìtàn.

Jẹ́sì wà lọ́dọ̀ mi rẹpẹtẹ.

Ọlọ́kadà Tákíé
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Àpò ajílẹ̀ yẹn dára fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Tẹ́ ẹ bá wà lórí ọ̀kadà, ẹ má dán an wò. Ohunkóhun tó bá ń fẹ́ lẹ́ẹ̀lẹ̀ẹ̀, táyà tàbí ṣéènì ló ń wá. Mo ti rí ibi tí ìdí réènkóòtù èrò tó jókòó sẹ́yìn ti wọ inú táyà. Ká tó gbéra, mo máa ń ní kí èrò mi jókòó lé ìdí aṣọ rẹ̀. Agboòrùn náà, ẹ má ṣí i lórí ọ̀kadà. Atẹ́gùn á gbà á, á sì gba ẹ̀yin náà mọ́ ọn.

Tiwa ò jọ ti ẹni tó ń gbé ọ̀pá. Èmi kì í làágùn, torí jókòó ni mo jókòó. Atẹ́gùn ni ọ̀tá mi. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Òdò Ọbà, tí òjò bá ń fi ojú gún ẹ láyà, wàá mọ̀ pé níwájú ni gbogbo bọ́tìnì àti síìpù wà, níbẹ̀ ló sì ń gbà wọlé. Ohun tá à ń ṣe ni pé a máa ń wọ jákẹ́ẹ̀tì sódì, ẹ̀yìn rẹ̀ á wà níwájú, a ó ní kí ẹnì kan bá wa dè é lẹ́yìn. Wọ́n máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n àyà wa gbẹ. Súwẹ́tà wúlò fún àwa lábẹ́ rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ náà ṣe pàtàkì, torí tí ìka bá ti kú tán, bíréèkì ò ní ṣeé fún.

Bàtà: ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ ṣòkòtò òjò wà lóde, lórí ẹnu bàtà rọ́bà. Àwọn tó ń ki ṣòkòtò bọ inú bàtà, ńṣe ni wọ́n ń gbé garawa kiri.

Nọ́ọ̀sì Arówómọlẹ̀
Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu sí i. Ẹni tó bá ń fi ẹsẹ̀ tútù sínú bàtà rọ́bà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa funfun, á máa bó, á máa yún un. Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ kejì dání nínú ọ̀rá. Tẹ́ ẹ bá jókòó jẹun, ẹ bọ́ bàtà, ẹ nu ẹsẹ̀, ẹ pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ da omi inú bàtà nù, ẹ ki ìwé ìròyìn sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ẹ̀yin ìyá tó ń pọn ọmọ: mo máa ń rí yín tẹ́ ẹ bá fi ọ̀rá bo ọmọ tòun torí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá kì í jẹ́ kí ọmọ mí. Ẹ jẹ́ kí agboòrùn bo orí ọmọ, kí ọ̀rá má ga ju èjìká rẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ ilé ìwé náà, ìbòrí réènkóòtù máa ń bo ẹ̀gbẹ́ ojú wọn, wọn ò ní rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Kí wọ́n ṣí i sẹ́yìn díẹ̀ kí wọ́n tó sọdá títì ní Tákíé. Àwọ̀ òféfèé tàbí pupa ni kẹ́ ẹ rà fún wọn, ẹ fi dúdú sílẹ̀.

Ìwọ ọmọ tó ń gbé ọ̀pá, tó bá di pé o ń gbọ̀n tí o ò lè dá a dúró, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu ẹ, tí ọwọ́ ò lè de bọ́tìnì mọ́, iṣẹ́ ti tán lọ́jọ́ náà nìyẹn. Bọ́ aṣọ tútù, wọ gbígbẹ, mu nǹkan gbígbóná. Òtútù lè ṣe èèyàn léṣe nílẹ̀ wa náà, kò dìgbà tí yìnyín bá bọ́.

Ọmọ Ajílété
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Bàbá Ìkòyí, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè fi àpò ajílẹ̀ bá ọ̀gá mi jáde, oníbàárà máa ń bá wa lọ nígbà míì 😅 Ìbéèrè méjì ló kù. Níbo ni mo máa kó aṣọ gbígbẹ sí tí kò ní rin? Àpò ẹ̀yìn mi náà ń mu omi. Èkejì, ṣé mo lè tún réènkóòtù tí mo ní yìí ṣe ni, àbí kí n tà á?

Àgbẹ̀ Ìkòyí
Ẹ wo ẹni tí òtútù ń pa tó tún ń ṣe fáàrì. Ó dáa.

Akẹ́kọ̀ọ́ Under G
Ọ̀rá ńlá tí wọ́n ń kó píọ́ wọ́tà sí, kó o má jù ú nù mọ́. Ki méjì bọ ara wọn, tẹ́ ẹ sínú àpò ẹ̀yìn, kó gbogbo ẹrù sínú rẹ̀, lọ́ ẹnu rẹ̀ le, tẹ̀ ẹ́ padà, kó o wá de àpò. Àpò lè rin títí, inú ọ̀rá ò ní mọ̀. Bí gbogbo wa ṣe ń gbé kọ̀ǹpútà dé kíláàsì nìyẹn. Fóònù, ọ̀rá tiẹ̀ lọ́tọ̀. Súwẹ́tà kan, jẹ́sì kejì, ìbọ̀sẹ̀, ó parí.

Bó o ṣe máa lò ó: tó o bá ń rìn, jẹ́sì nìkan lábẹ́ réènkóòtù, ọrùn àti iwájú ní ṣíṣí bí òjò bá ṣe gbà ọ́ láyè. Tó o bá ti dúró, kí òtútù tó bẹ̀rẹ̀ o, bọ́ jẹ́sì tó rin, wọ gbígbẹ, fi súwẹ́tà lé e, kó o wá wọ réènkóòtù lókè, kó o dè é pa. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ rìn, bọ́ súwẹ́tà, dá a padà sínú ọ̀rá. Ó máa ń súni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n tó o bá rìn pẹ̀lú rẹ̀, o ò ní súwẹ́tà gbígbẹ mọ́ nìyẹn. Ti irun àgùntàn ló dáa jù tó o bá rí i lọ́dọ̀ màmá Sábó, torí ó ṣì máa ń móoru díẹ̀ bó bá tiẹ̀ lọ́rinrin.

Télọ̀ Akẹ́sán
Láti Ọ̀yọ́ ni mo ti ń kí yín. Má tà á. Réènkóòtù tó nípọn tí kò jò, ihò ló ṣẹ́ kù fún un. Mo ti tún irú rẹ̀ ṣe fún àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ọjà. Màá gé abẹ́ apá méjèèjì, màá fi nẹ́ẹ̀tì sí i. Lẹ́yìn, láti èjìká kan dé ìkejì, màá là á gbọọrọ, màá fi nẹ́ẹ̀tì sí ibẹ̀ náà, màá wá jẹ́ kí awẹ́ aṣọ kan bò ó láti òkè bí òrùlé, kí òjò máa ṣàn kọjá lórí rẹ̀. Atẹ́gùn á máa gba abẹ́ apá wọlé, ooru á máa gba ẹ̀yìn jáde.

Ibi tí mo bá gún lábẹ́rẹ́, ó gbọ́dọ̀ ní ìwòsàn. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ bàtà ni mo máa ń fi pa ojú rírán rọ́bà. Tó bá jẹ́ aṣọ òwú líle ni wọ́n fi rán an, àbẹ́là ni màá fi ra ojú rírán, màá gbé e sí oòrùn kó yọ́ wọnú. Ẹni tó bá wọ aṣọ oní-àbẹ́là kó má sún mọ́ iná àdògán.

Bó bá tún jẹ́ iṣẹ́ ọ̀pá gbígbé, ọwọ́ ẹ á máa wà lókè. Omi á gba ọrùn ọwọ́ ṣàn dé abíyá. Màá fi rọ́bà tó ń fà sí ẹnu apá. Ẹ má gbé réènkóòtù sá sínú oòrùn líle o, á gan, á sì máa sán. Abẹ́ ìbòji ni.

Ọmọ Ọ̀yọ́ Aláàfin
Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ aṣọ, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ọ̀pá. Ọmọkùnrin yìí di irin gígùn mú nínú pápá gbalasa, ààrá sì ń sán! Àwa ará Ọ̀yọ́ mọ ẹni tó ni ààrá, a kì í fi irin nàka sí i.

Láìsí àwàdà, kò sí réènkóòtù tó ń dí mànàmáná. Tí mànàmáná bá kọ, bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú-àáyá. Tí ààrá bá sán kó o tó ka 30, ó ti sún mọ́ jù: gbé ọ̀pá lélẹ̀, kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Má sá sábẹ́ igi máńgòrò tàbí kajú tó dá dúró. Inú ọkọ̀ tí wọ́n ti wíńdò rẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ dúró tó ìdajì wákàtí lẹ́yìn ààrá tó kẹ́yìn kẹ́ ẹ tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Fi ọ̀rọ̀ yìí han ọ̀gá ẹ.

Ọmọ Ajílété
Mo ti fi hàn án. Ọ̀pá náà, irin ni lóòótọ́. Ó ní tí ààrá bá ti ń sán, inú ọkọ̀ la máa wà láti ìsinsìnyí lọ, ìdúró náà á jẹ́ ìgbà tí màá pààrọ̀ jẹ́sì. Màmá Sábó, mò ń bọ̀ wá mú jẹ́sì méjì àti súwẹ́tà, ẹ bá mi wá ti irun àgùntàn sílẹ̀. Télọ̀, mo máa ń bá ọ̀gá wá sí Ọ̀yọ́, ṣé mo lè gbé réènkóòtù náà wá?

Télọ̀ Akẹ́sán
Gbé e wá, ṣùgbọ́n kó gbẹ, inú àti ìta. Gọ́ọ̀mù kì í mú rọ́bà tútù. Wọ jẹ́sì yẹn wá pẹ̀lú súwẹ́tà, kí n lè wọn èjìká lé wọn lórí.